Ewé tòmátì ń pọ́n, iṣan rẹ̀ ṣì dúdú: ṣé omi kànga ló fà á?

Aránṣọ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo gbin tòmátì àti ata rodo sínú àpò méjìlélógún lẹ́yìn ilé, àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà kó sílẹ̀ nígbà tá a kọ́lé tán. Ó ti lé ní oṣù méjì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ewé wọn ti ń pọ́n. Kì í ṣe ewé ìsàlẹ̀ o, ewé tuntun tó ń yọ lókè gan-an ni. Ara ewé á pọ́n bí ìyeyè, iṣan inú rẹ̀ á sì dúdú kedere, àfi bí ẹni pé èèyàn fi bírò tọ ọ́. Mo fi ajílẹ̀ NPK sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà.

Àbúrò ọkọ mi tó wá láti Èkó mú nǹkan kan wá tó dà bíi bírò gbọọrọ, ó ní òun ni wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe ń kan sí. Ó tì í bọ omi kànga wa, ó kọ 8.9. Ó tì í bọ omi inú ọ̀rá tí à ń rà mu, ó kọ 7.1. Ló bá ní omi ló ń pa tòmátì mi, pé kí n máa da omi bátìrì díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kí n tó bomi rin wọ́n. Mo ti dé ilé epo tán, ọkàn mi ló kọ̀ ọ́.

Kànga yẹn kò tíì pé oṣù mẹ́rin tá a gbẹ́ ẹ. Ríìngì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìyẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ dá mi lóhùn.

Alábòójútó

Ẹ ṣeun tí ẹ kò rà á, ìyá wa. Ẹ má rà á rárá.

Kí ó má baà di àṣìgbọ́: nǹkan méjì ni wọ́n ń pè ní omi bátìrì nílé epo. Ọ̀kan jẹ́ omi lásán tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, èyí tí wọ́n fi ń kún bátìrì tó ti gbẹ. Ìyẹn kò lè ṣe tòmátì ní ibi, kò sì lè ṣe é ní ire. Èkejì ni ásíìdì gan-an. Ó ń jó aṣọ, ó ń jó awọ ara, ó lè fọ́ ojú. Èyí tí àwọn kan sì ń tú jáde látinú bátìrì àtijọ́, òjé wà nínú rẹ̀. Èso tí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ọmọ lẹ fẹ́ da òjé sí lábẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ máa bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

Ẹ kú ìdààmú, màmá. Àpèjúwe yín dáa gan-an, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ibi tí ewé ti kọ́kọ́ pọ́n ló ń sọ ohun tó sọnù. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n látòkèdélẹ̀, náítírójìn ni ebi rẹ̀ ń pa á. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n tí iṣan rẹ̀ sì dúdú, a máa ń fura sí magnesium. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń pọ́n tí iṣan rẹ̀ dúdú, irin ni. Irin kì í kúrò nínú ewé àgbà lọ bá ewé ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ló ti ń hàn.

Ó sì ṣeé ṣe kí irin wà nínú ilẹ̀ yín rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ wa níbí, ṣebí pupa ni? Irin ló pọ́n ọn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé bí pH ilẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 7.5, irin á dì sójú kan, gbòǹgbò kò ní rí i mu. Ó dà bí ẹni tó jókòó ti abọ́ oúnjẹ tí wọ́n ti ideri rẹ̀ pa. NPK tẹ́ ẹ fi sí i ò lè ṣí ideri yẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta: níbo lẹ ti bu ilẹ̀ tó wà nínú àpò? Kí lẹ dà mọ́ ọn? Ṣé ẹ fọ àwọn àpò sìmẹ́ńtì yẹn?

Agbẹ́kànga Mọdákẹ́kẹ́

Ìgbà tí mo kà á dé "kò tíì pé oṣù mẹ́rin" ni mo ti rẹ́rìn-ín. Sìmẹ́ńtì ni, màmá. Sìmẹ́ńtì tó wà lára ríìngì, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ oríkèé wọn, sìmẹ́ńtì tó wà nínú àpò tẹ́ ẹ gbin nǹkan sí. Ibi mẹ́ta.

Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń tú láìmù sínú omi (kì í ṣe ọsàn o, èròjà funfun inú sìmẹ́ńtì ni). Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán po kankéré láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bó ṣe ń jẹ ọwọ́. Kànga tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo máa ń sọ fún onílé pé kí ó gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ara ríìngì, kí ó tún gbọ́n ọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n tó máa lò ó. Ogunlọ́gọ̀ kì í ṣe é. Wọ́n á ní omi ti mọ́ lójú. Oṣù díẹ̀ sí i, ara sìmẹ́ńtì yẹn á gba afẹ́fẹ́, á dì, kò sì ní tú nǹkan sínú omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Táǹkì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, bákan náà ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan tí mo ní: ẹ má ju álọ́ọ̀mù sínú kànga nítorí pé ẹ fẹ́ kí nọ́ńbà pH yẹn sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé álọ́ọ̀mù ń kan, ó sì lè fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jù ú kò mọ ìgbà tó pọ̀ jù, omi tí gbogbo ilé ń lò sì ni.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Etí Odò

Gbogbo ìwé yìí nítorí tòmátì? Eérú ni kẹ́ ẹ dà sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú létí odò, eérú àdògán ni mo ń wọ́n, ẹ̀fọ́ mi sì ń dán. Kò sí mítà kankan lọ́wọ́ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí Ìyá Aránṣọ má wọ́n eérú o. Tiyín àti tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tíṣà Àgbà (Iléṣà)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ rántí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ rántí káún. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń kan. Káún kì í kan, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, òun ló ń mú kí ewédú rọ̀. pH ni òdiwọ̀n tó ń sọ ibi tí omi dúró sí láàárín àwọn méjèèjì. Láti 0 lọ dé 14 ni, 7 ló wà láàárín. Ohun tó bá wà lábẹ́ 7 ń kan, ohun tó bá wà lókè 7 ti ń fà sí ọ̀dọ̀ káún. Ọkùnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan, Søren Sørensen, ló gbé e kalẹ̀ ní 1909, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Carlsberg, àwọn tó ń pọn bíà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí bíà ni wọ́n ti mú un wá.

Nọ́ńbà rẹ̀ kì í gorí ara wọn bí owó. Ìgbésẹ̀ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Omi tó wà ní 9 fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti 8 lọ, ó sì fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ti 7. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé láti 7.1 dé 8.9 kò jìnnà.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Aránṣọ dì mú jù lọ nìyí: pH ń sọ bí omi ṣe rí lẹ́nu, kò sọ ẹrù tó rù. Omi òjò máa ń wà ní nǹkan bíi 5.6, nítorí pé ó ń fa carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bó ṣe ń bọ̀. Ẹni tó bá rí 5.6 lè pariwo pé ó ti kan jù fún tòmátì. Ṣùgbọ́n òfìfo ni, kò ru ẹrù kankan, bó bá ti kan ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń pàṣẹ fún un. Omi míì wà tó jẹ́ 7.8 péré, ṣùgbọ́n tó ru bicarbonate, èròjà kan tó ń ṣe bíi káún, tó pọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bu ú rin irúgbìn, láìmù díẹ̀ lẹ ń dà sínú àpò. Oṣù mẹ́ta sí i, omi 7.8 yìí á ti yí ilẹ̀ padà, nígbà tí òjò 5.6 kò ní tíì ṣe ohunkóhun.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó rẹrù láìsí mítà? Ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Omi tó ru kálísíọ̀mù kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ẹ sì wo inú kẹ́tùlù: bó bá ń fi èèpá funfun sílẹ̀, ó rẹrù.

Èyí ló mú kí 8.9 yẹn yà mí lẹ́nu. Òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà, granite, gneiss àti schist ni, kì í ṣe limestone, òkúta tí láìmù ti ń wá. Omi kànga wa kì í sábà rẹrù, òmíràn tilẹ̀ máa ń kan díẹ̀. Nítorí náà, mo gbè sẹ́yìn agbẹ́kànga: ọwọ́ èèyàn ló gbé láìmù yẹn síbẹ̀.

Ẹ̀yin Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kò sọ pé eérú ò dáa. Kí ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú? Wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi gba inú eérú rẹ̀ kọjá, omi tó bá jáde á le débi tí yóò fi sọ epo di ọṣẹ. Ohun tó lè sọ epo di ọṣẹ, káún tó lágbára ni. Etí odò yín, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń kan, nítorí náà eérú bá a mu, ó sì tún fún un ní potassium. Àpò tí sìmẹ́ńtì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fẹ́ fi iyọ̀ kún òkun.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Etí Odò

Mo ti gbọ́, Tíṣà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmọ́ ẹ wá wọn odò mi nígbà tẹ́ ẹ bá dé Ifẹ̀, kí n mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ.

Aránṣọ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Háà. Ojú ń tì mí láti kọ èyí.

Ilẹ̀ inú àpò, ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ti bu ú, ibi tí wọ́n ti po kankéré. Mo da ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn, láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin. Mi ò fọ àpò, mo kàn gbọn ọ́n. Àti pé nígbà tí kòkòrò ń jẹ ewé, mo wọ́n eérú sí i. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Agbẹ́kànga Mọdákẹ́kẹ́

😂 Ẹ má bínú, màmá, ẹ̀rín ló pa mí. Ibi márùn-ún ló wá di báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

Ìgbẹ́ adìẹ ẹlẹ́yin náà wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fún wọn ní kálísíọ̀mù púpọ̀ kí èèpo ẹyin wọn lè le, èyí tí wọn ò lò á bá ìgbẹ́ jáde. Ó dáa fún oko tó ń kan, kò dáa fún tiyín.

Kí á tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bírò yẹn ń sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí tí mo mọ̀, páúdà kéékèèké á wà nínú páálí rẹ̀, wọ́n á kọ 4.01, 6.86 àti 9.18 sí wọn lára. Ẹ po ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sí i lára, tó sábà máa ń jẹ́ 250 mílílítà. Ibí yìí gan-an ni omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ti wúlò, ẹ lè wá padà sílé epo báyìí. Ẹ ti bírò bọ 6.86, ẹ tún un ṣe títí yóò fi kọ 6.86, ẹ fi omi ṣan án, kẹ́ ẹ wá fi 9.18 yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé apá òkè la ń wá. Ẹ má fi ẹnu rẹ̀ sínú omi mímọ́ lásán pamọ́, á bà á jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni gbòǹgbò wà, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ bu ilẹ̀ láti àárín àpò, kì í ṣe ojú rẹ̀, kó gbẹ níbòòji, kẹ́ ẹ yọ òkúta kúrò. Ife ilẹ̀ kan sí ife omi bátìrì aláìlásíìdì kan. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un rò, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe ti àpò mẹ́ta, ẹ sì bu ti ibòmíì tí sìmẹ́ńtì kò dé, ká lè fi wé e.

Tòmátì àti ata fẹ́ kí ilẹ̀ wà láàárín 6 sí 6.8. Bó bá yà díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, wọn ò ní kú.

Ìyá Zobo

Ẹni tí kò bá ní bírò ńkọ́? Ẹ se ìṣápá pupa, èyí tá a fi ń ṣe zobo, láìfi ṣúgà tàbí ata ilẹ̀ sí i, kó ki dáadáa. Ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin sínú ife omi funfun. Omi tó ń kan á pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí tó ń fà sí káún á di elése àlùkò tàbí búlúù, bí káún rẹ̀ bá sì le, á fẹ́ di àwọ̀ ewé. Ẹ̀kán díẹ̀ ni mo wí o! Zobo fúnra rẹ̀ ń kan gidi, bẹ́ ẹ bá dà á pọ̀ jù, gbogbo omi ló máa pupa. Kò ní fún yín ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá to omi òjò, omi ọ̀rá àti omi kànga sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú yín á rí ìyàtọ̀. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Bàbá Kòkó (ọ̀nà Ìtàgúnmódì)

Ẹ̀yin ń sunkún pé káún pọ̀, èmi ń sunkún pé kíkan pọ̀. Wọ́n yẹ ilẹ̀ oko mi wò, apá kan jẹ́ 4.7. Kòkó ibẹ̀ ò ṣe dáadáa, mo ti da ajílẹ̀ sí i títí. Ẹnì kan ní kí n ra ẹfun lọ́jà, kí n lọ̀ ọ́, kí n dà á sí i. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ilẹ̀, ìyá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

Bàbá, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹfun ọjà sábà máa ń jẹ́ amọ̀ funfun, kaolin. Ó funfun bíi láìmù, ṣùgbọ́n kò lè mú kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni láìmù àwọn àgbẹ̀, limestone tí wọ́n lọ̀ kúnná. Èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín jẹ́ irú kan náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ̀ wọ́n bí èlùbọ́. Bẹ́ ẹ bá kàn fọ́ wọn wẹ́wẹ́, ọmọ yín ló máa bá wọn nínú oko. Àti pé níbi tó ti jẹ́ 4.7, aluminium inú ilẹ̀ ti ń tú jáde, òun ló ń gé gbòǹgbò kúrú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ajílẹ̀ yín náà á sì dì mọ́ irin àti aluminium yẹn. Ìdí nìyẹn tí ajílẹ̀ kò fi ṣiṣẹ́. Ajílẹ̀ tó ní ammonium àti urea tún ń fi kún kíkan náà ni lọ́dọọdún.

Ìwọ̀n láìmù, ẹ má gbà á lórí ayélujára, lọ́dọ̀ mi pàápàá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó yẹ ilẹ̀ wò yẹn sọ ọ́ fún yín, torí ilẹ̀ amọ̀ ń jẹ láìmù ju ilẹ̀ iyanrìn lọ.

Ọmọ Ọwá ní London

Mo kàn ń kà á lọ ni. Omi ẹ̀rọ tiwa níbí rẹrù tó bí Tíṣà ṣe sọ, inú kẹ́tùlù mi ti funfun. Mo gbin ata rodo sójú fèrèsé, omi òjò tí mo ń gbà sínú garawa ló yọ mí.

Aránṣọ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Bírò yẹn ti ń parọ́ díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n! Lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, omi kànga kọ 8.4, kì í ṣe 8.9. Omi ọ̀rá kọ 6.8. Ilẹ̀ inú àpò mẹ́ta: 7.9, 8.1, 7.8. Ilẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọgbà: 6.2. Mo sì ṣe ti zobo náà, omi kànga di elése àlùkò tó ń fà sí búlúù, omi òjò pupa. Oníbàárà mi tó wá gba aṣọ ní ṣé mo ti ń ta ọtí ni.

Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ dànù?

Tíṣà Àgbà (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹ rí i pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ máńgòrò ti sọ tẹnu rẹ̀: ilẹ̀ yín dáa, ohun tá a dà sí i ló ṣe é.

Ẹ má tú tòmátì tó ti ń so dànù. Ẹ dá eérú dúró. Ẹ dá ìgbẹ́ adìẹ yẹn dúró. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páànù, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ orí ilé ná, kẹ́ ẹ tó máa gba èyí tó kù. Omi òjò ni kẹ́ ẹ máa fi rin wọ́n títí kànga yóò fi rọ̀.

Lọ́jọ́ tí òjò kò bá sí, ẹ lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí vinegar tún omi kànga ṣe. Ìdajì ṣíbí ìmutíì sínú garawa lítà mẹ́wàá, ẹ rò ó, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó fi kún un. Bó bá ti dé 6.5, ó tó. Ẹ má wọ̀n ọ́n lálẹ́ kẹ́ ẹ wá lò ó lọ́jọ́ kejì, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ máa ń sún bí gáàsì inú omi ti ń jáde. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìtura lásán lèyí: àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ máa ń jẹ ásíìdì vinegar tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi ló ń tún ṣe, kì í tún ilẹ̀ ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, imí ọjọ́ (sulphur) ló ń fa pH rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná tó sì mọ́ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ṣíbí ìmutíì kan fún àpò kan, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó tutù. Àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì, wọ́n sì ń ṣe é ní sùúrù, oṣù kan sí mẹ́ta. Ẹ má fi imí ọjọ́ mìíràn kún un ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò tíì ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa irúgbìn.

Kí ewé tuntun lè rí irin mu ní kíákíá, àwọn tó ń ta oògùn oko ní irin tí wọ́n ti dì mọ́ nǹkan míì kó má baà dì sínú ilẹ̀, chelate ni wọ́n ń pè é. Ẹ fín in sára ewé nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára. Ewé tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ lè má padà dúdú. Ewé tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Èyí tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbìn, abẹ́ máńgòrò ni kẹ́ ẹ ti bu ilẹ̀, kẹ́ ẹ fọ àpò.

Agbẹ́kànga Mọdákẹ́kẹ́

Mo wà nítòsí yín ní Satidé. Màá wá gbọ́n kànga náà, owó ọmọ iṣẹ́ nìkan lẹ máa san. Ẹ ṣáà fi ata rodo díẹ̀ pamọ́.

Aránṣọ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá. Aṣọ ìyàwó ló gba ọwọ́ mi.

Wọ́n gbọ́n kànga lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Eruku funfun tó jáde lára ríìngì àkọ́kọ́ kì í ṣe kékeré. Ó ti wá di 7.6 báyìí. Omi òjò ni mo ń lò jù. Tòmátì mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìndínlógún ti yọ ewé tó dúdú dáadáa, méjì ti kú, bóyá kí n tó bi yín ni wọ́n ti kú lọ́kàn. Ata rodo mẹ́fà yẹn ṣì ń fà sẹ́yìn, ewé wọn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wọn ilẹ̀ àpò wọn lánàá, 7.5. Ó ń bọ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sáré.

Mo gbin ìrúgbìn tuntun mẹ́wàá sí ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò nínú àpò tí mo fọ̀. Wọn ò tíì ga ju ìka mi lọ, wọ́n sì dúdú ju àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ (OAU)

7.5 láti 8 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún dáa, màmá. Ẹ má fi imí ọjọ́ kún un. Ẹ tún un wọ̀n lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Etí Odò

Bírò yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín àbí àbúrò ọkọ yín ti gbà á padà? Mo ti ń retí Tíṣà láti oṣù tó kọjá, wọn ò yọjú. Mo fẹ́ wọn odò mi fúnra mi.

Aránṣọ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Ó wà níbí, mà. Mo ní kò ní rí i gbà àfi tó bá wá jẹ ọbẹ̀ tòmátì. Ẹ bu omi odò náà sínú ìgò tó mọ́, kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì mú ilẹ̀ díẹ̀ dání. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di agogo mẹ́fà.